Gull Lójú Omi Abẹ́òkúta: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Rí Ẹyẹ Òkun Aṣìnà

Gull ni ẹyẹ òkun funfun tó máa ń rà bàbà lórí omi ní etíkun Èkó àti Badagry, tí awọ wà láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Bí irú rẹ̀ bá yọjú sórí odò Ògùn tàbí adágún Ọ̀yán, ọ̀rọ̀ kì í tán sórí "mo rí i." Ta ni ẹyẹ náà gan-an? Kí ni ẹ̀rí? Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ẹyẹ náà la lò níbí, torí òun lẹ máa bá nínú app tí ẹ máa fi ránṣẹ́.

Ṣé gull tiẹ̀ máa ń dé Abẹ́òkúta?

Ó lè dé, àmọ́ kì í ṣe ẹyẹ ojoojúmọ́. Abẹ́òkúta tó bíi kìlómítà 80 sí òkun, nítorí náà gull yòówù tí ẹ bá rí níbí tó ohun tí à ń kọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ irú tí àwọn ará Èkó kì í yíjú wò. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹyẹ Amẹ́ríkà bá dé kí ẹ tó mú bírò.

Ibi tó dáa jù láti máa wò ni dáàmù Ọ̀yán, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, adágún rẹ̀ sì tó nǹkan bí hẹ́kítà 4,000 nígbà tó bá kún. Gull fẹ́ràn omi gbalasa tí apẹja ń ná, torí ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà nù. Lẹ́yìn Ọ̀yán, odò Ògùn fúnra rẹ̀ ló kàn, láti Lafenwa sókè sódò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà tí iyanrìn yọ láàárín odò. Àwọn tó ń ti Yúróòpù wá máa ń wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin. Grey-headed Gull ní tiẹ̀, ọmọ Áfíríkà ni, kò ní ìgbà kan pàtó.

Ṣé kì í ṣe lékeléke ni mo rí?

Ìbéèrè gidi ni, kò sì sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Lékeléke tó ń fò lọ sílé nírọ̀lẹ́ máa ń ká ọrùn mọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ kọjá ìrù, apá rẹ̀ á rí róbótó, kò sì ní dúdú kankan ní ṣóńṣó apá. Apá gull gùn, ṣóńṣó rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ kọjá ìrù.

Tern ló sún mọ́ gull jù nínú ìdílé. Ẹnu tern tínrín, ó mú bí abẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ sábà máa ń là sí méjì, ó sì máa ń wojú ilẹ̀ ṣánṣán bó ṣe ń fò kó tó já wálẹ̀ lu omi. Àwọn kékeré bíi Whiskered Tern àti White-winged Tern kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Gull kì í já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, ó máa ń bà lé omi jókòó bíi pẹ́pẹ́yẹ ni.

Ẹyẹ tó ń tan èèyàn jẹ jù lọ lágbègbè yìí, ká sòótọ́, ni Palm-nut Vulture, igún funfun tó fẹ́ràn ọ̀pẹ àti etí omi. Bó bá ń yípo lókè réré, funfun àti dúdú rẹ̀ jọ ti gull ńlá pátápátá. Ẹ wo apá rẹ̀: ó fẹ̀, orí apá rẹ̀ là bí ìka ọwọ́, dúdú náà sì wà létí ẹ̀yìn apá níhà ara, kì í ṣe ní ṣóńṣó nìkan. Gull kì í ní ìka lórí apá.

Gull wo ló yẹ kí n kọ́kọ́ fọkàn sí?

Méjì péré. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹyẹ yín wé Grey-headed Gull, lẹ́yìn náà ẹ fi wé Lesser Black-backed Gull. Àfi tí ẹ bá rí ohun kan pàtó tí kò bá méjèèjì mu ni kí ẹ tó máa dárúkọ ẹyẹ ọ̀nà jíjìn.

Grey-headed Gull tó bíi sẹ̀ǹtímítà 42 láti ẹnu dé ìrù. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, orí rẹ̀ sì máa ń dà bí ẹni tó dé fìlà eérú nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Nígbà tí kì í bá ṣe àkókò ẹyin, fìlà yẹn á ṣá títí yóò fi kù díẹ̀. Ojú àgbà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun pẹ̀lú òrùka pupa yí i ká. Abẹ́ apá rẹ̀ dúdú eérú, ṣóńṣó apá sì dúdú pẹ̀lú ojú funfun kéékèèké (àmì funfun lára ìyẹ́ ni o, kì í ṣe ẹyinjú). Ìbátan rẹ̀ láti Yúróòpù, Black-headed Gull, kéré sí i díẹ̀, ẹyinjú tirẹ̀ dúdú, etí iwájú apá rẹ̀ funfun gbọọrọ títí dé ṣóńṣó, ó sì máa ń ní àmì dúdú kan lẹ́yìn ojú nígbà ọyẹ́. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ti ẹyinjú: ọmọ Grey-headed tí kò tíì dàgbà, ẹyinjú dúdú ló ní. Nítorí náà ẹ má fi ojú nìkan sọ pé Black-headed ni. Abẹ́ apá àti etí iwájú apá ni kí ẹ wò.

Lesser Black-backed tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 55, apá rẹ̀ tí a bá nà án lè tó mítà kan àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Ẹ̀yìn àgbà rẹ̀ dúdú bí sílétì tàbí dúdú kirikiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ àwọ̀ ìyeyè, ẹnu rẹ̀ ìyeyè pẹ̀lú àmì pupa kan nísàlẹ̀ nítòsí ṣóńṣó. Tó bá dúró, apá rẹ̀ máa ń gùn kọjá ìrù dáadáa.

Ara tèmi kún fún àwọ̀ ilẹ̀, kò sí eérú, kò sí dúdú. Irú wo nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí gull kì í wọ aṣọ àgbà lọ́dún kan. Àwọn kékeré máa ń lo bí ọdún méjì, àwọn aláàárín mẹ́ta, àwọn ńlá bíi Lesser Black-backed mẹ́rin. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bọ́ ìyẹ́ tí òmíràn ń hù, nítorí náà ẹyẹ kan ṣoṣo lè ní ìyẹ́ ọmọdé, ìyẹ́ àgbà àti ibi tí ìyẹ́ ti jábọ́ lórí apá kan náà.

Ọmọ Lesser Black-backed ọdún àkọ́kọ́: ara rẹ̀ àwọ̀ ilẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pínkì (kì í ṣe ìyeyè o), ìdí ìrù rẹ̀ funfun tí ọ̀já dúdú fífẹ̀ wà ní òpin rẹ̀. Ẹ wo ìyẹ́ ńlá inú apá nígbà tó bá na apá: dúdú ni wọ́n jẹ́ látòkè délẹ̀. Tí ẹ bá rí ibi tó mọ́lẹ̀ bí fèrèsé láàárín apá níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan Yellow-legged Gull, kí ẹ sì ya fọ́tò púpọ̀.

Ohun kan tí àwọn tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò kì í fi ṣeré ni ìyẹ́ tó ti gbó. Ìyẹ́ dúdú le ju funfun lọ, torí ohun tó ń sọ ìyẹ́ di dúdú máa ń mú un le gbọn-in. Funfun ló máa ń tètè jẹ kúrò. Ẹyẹ tó ti gbó aṣọ rẹ̀ lè pàdánù ojú funfun tó wà ní ṣóńṣó apá, kí ẹ wá rò pé ẹ̀yà tí kò ní in rárá ni. Bákan náà, bí ìyẹ́ ńlá tó wà lóde jù bá ti já, ṣóńṣó apá á kúrú, ojú funfun á bá a lọ. Ẹ ka ìyẹ́ ńlá náà nínú fọ́tò láti inú sóde, 1 dé 10. Bí ẹ kò bá rí 9 àti 10, ẹ má sọ ohunkóhun nípa ojú funfun.

Àwọn wo la wá ń pè ní aṣìnà gan-an?

Kelp Gull kọ́kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bíi ti Lesser Black-backed, àwọn èèyàn sì máa ń ṣi méjèèjì pè fún ara wọn jù. Kelp sanra jù, ẹnu rẹ̀ nípọn tí ìgbọ̀n rẹ̀ yọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣá sí àwọ̀ ewé gbígbẹ, apá rẹ̀ kò gùn kọjá ìrù tó bẹ́ẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi pé ó ní àwọ̀ ewé" nìkan kò tó, torí Lesser Black-backed tí kò tíì dàgbà tán tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé ẹrẹ̀ lè jọ bẹ́ẹ̀.

Laughing Gull àti Franklin's Gull, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Méjèèjì kéré, ẹ̀yìn wọn dúdú eérú ju ti Grey-headed lọ, orí àgbà sì dúdú nígbà ẹyin. Laughing tóbi díẹ̀, ẹnu rẹ̀ gùn tó tẹ̀ wálẹ̀ ní ṣóńṣó, dúdú orí apá rẹ̀ wọ inú eérú láìsí ìlà funfun tó là wọ́n. Franklin's rí róbótó, ẹnu rẹ̀ kúrú, àmì funfun bí oṣù tuntun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ojú rẹ̀ nípọn débi pé ẹ óò rí i lókèèrè, ìlà funfun sì la eérú àti dúdú láàárín ní ṣóńṣó apá àgbà. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ wo ìrù: ọ̀já dúdú Laughing dé etí ìrù méjèèjì, ti Franklin's kì í dé ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́. Àyà ọmọ Laughing máa ń rí eérú ìdọ̀tí, ti Franklin's funfun. Ní tiwa, ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ ní fọ́tò ìrù tó ṣí. Láìsí ìyẹn, "ọ̀kan nínú méjèèjì" ló yẹ kó kọ.

Sabine's Gull, ọmọ òkun gidi ni. Ibi tútù àríwá ayé ló ti ń yé ẹyin, gúúsù lójú òkun Áfíríkà ló ń sálọ fún òtútù. Ìjì líle nìkan ló lè tì í wọ ilẹ̀. Apá rẹ̀ pín sí mẹ́ta gbangba: dúdú lóde, funfun láàárín, eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ níhà ara. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ya fọ́tò síbẹ̀.

Ẹyẹ náà wà níwájú mi báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má sáré sí i. Ẹ ya fọ́tò kan lójú ẹsẹ̀ níbi tí ẹ wà, bí kò tiẹ̀ dáa, torí ẹyẹ lè fò kí ẹ tó dọ́gba. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ yí ara yín padà kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Láàárọ̀ ní Ọ̀yán, ìyẹn ni pé ẹ dúró níhà ìlà-oòrùn kí ẹ máa wo ìwọ̀-oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ yí i padà.
2. Ẹ wo ẹnu, ojú àti ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú bí mélòó kan, kí ẹ sọ àwọ̀ wọn sínú fóònù yín bí ẹ ṣe ń rí wọn. Ẹ sọ ọ́ sókè, ẹ gba ohùn náà sílẹ̀. Ẹ má ṣí ìwé ẹyẹ kankan títí ẹ óò fi parí èyí, nítorí àwòrán inú ìwé máa ń wọ orí lọ, tí ẹ óò sì bẹ̀rẹ̀ sí í "rí" ohun tí kò sí.
3. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ mìíràn tí ẹ mọ̀.
4. Ẹ dúró de ìgbà tó máa na apá. Ṣóńṣó apá lókè, abẹ́ apá, ìrù tó ṣí: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni àkọsílẹ̀ máa dúró lé. Gull máa ń na apá lẹ́yìn tó bá wẹ̀ tán tàbí tó bá fẹ́ fò, ẹ fi fóònù sórí fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè mú ìṣẹ́jú àáyá náà.
5. Tó bá ké, ẹ gbà á sílẹ̀.
6. Ẹ kọ aago, ibi, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, bí ẹ ṣe jìnnà tó, irú bainókúlà tí ẹ lò, iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi wò ó, àti àwọn ẹyẹ tó wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ kò rí pẹ̀lú. "Mi ò rí abẹ́ apá rẹ̀" wúlò fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ju pé kí ẹ dá a fojú inú ṣe lọ.

Fóònù nìkan ni mo ní láti fi ya fọ́tò. Ṣé ìyẹn lè ṣe é?

Ó lè ṣe é tí ẹ bá ní bainókúlà 8×42 tàbí irú rẹ̀. Ẹ gbé e lé nǹkan tó dúró, ògiri tàbí etí ọkọ̀, ẹ fi ojú kámẹ́rà fóònù mọ́ ojú ìwòran bainókúlà náà gan-an, ẹ rọra sún un títí òbìrípo dúdú yóò fi lọ. Ẹ tẹ ara ẹyẹ náà lójú fóònù, kí ẹ wá fa àmì oòrùn tó bá yọ wálẹ̀ díẹ̀. Ìdí rèé: omi dúdú ló yí ẹyẹ funfun ká, kámẹ́rà á sì fẹ́ tan gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, funfun ẹyẹ á jó, gbogbo àmì orí rẹ̀ á pòórá. Tó bá jẹ́ ojú sánmà tó mọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣe òdì kejì, ẹ fà á sókè, kí abẹ́ apá má bàa di òjìji.

Ẹ má pa fọ́tò àkọ́kọ́ rẹ́, ẹ má gé e, ẹ má fi app kankan mú àwọ̀ rẹ̀ dán. Fáìlì gidi ní àkókò àti ibi nínú. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, á sì yọ àwọn ìsọfúnni wọ̀nyẹn kúrò, nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Bí kámẹ́rà yín bá yàtọ̀ sí fóònù, ẹ ya ojú aago fóònù yín fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí aago kámẹ́rà bá ṣì wà lórí ti ìlú mìíràn, fọ́tò kan ṣoṣo yẹn ló máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Báwo ni mo ṣe lè mọ bó ṣe tóbi tó lórí omi lásán?

Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n, ẹ má dá a láṣà láti sọ ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà. Lórí omi tí kò sí nǹkan mìíràn, ojú máa ń purọ́ gidigidi, tẹlisikóòpù sì máa ń mú kí ẹyẹ ẹ̀yìn dà bíi pé ó tóbi ju ti iwájú lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìfiwéra: kí ẹyẹ mìíràn bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí iyanrìn kan náà. Àwòdì tó ń gba orí Lafenwa kọjá gùn tó bíi Lesser Black-backed. Spur-winged Lapwing tí ẹ óò rí létí omi kò tó Grey-headed Gull, bíi sẹ̀ǹtímítà 27 ni.

Àwọ̀ wo ni ọyẹ́ ń bàjẹ́?

Gbogbo wọn, eérú ló sì ń bàjẹ́ jù. Eruku ọyẹ́ ń mú kí ẹ̀yìn dúdú ṣá, Lesser Black-backed á wá rí bí ẹyẹ mìíràn. Láago méjìlá ọ̀sán, oòrùn tó dá ṣánṣán ń fọ ẹ̀yìn funfun, ẹ óò rò pé ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, pupa ìrọ̀lẹ́ á wọ ẹsẹ̀ àti ẹnu. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ wo ẹyẹ náà láago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, tàbí lábẹ́ ìkúukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń pín ìmọ́lẹ̀ dọ́gba.

Ẹ rántí ilẹ̀ pupa ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ẹyẹ tó ti ń rìn lórí ẹrẹ̀ pupa létí Ògùn lè ní àyà àwọ̀ osùn tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ó ní òrùka lẹ́sẹ̀. Kí ni mo máa ṣe sí i?

Inú yín kó dùn. Òrùka ni ẹ̀rí tó lágbára jù lẹ́yìn fọ́tò, àwọn onímọ̀ Yúróòpù sì ti fi òrùka aláwọ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Lesser Black-backed. Ẹ kọ ẹsẹ̀ tó wà, ọ̀tún tàbí òsì. Ti ẹyẹ ni o, kì í ṣe ti ẹ̀yin tó ń wò ó. Ẹ kọ bóyá ó wà lókè orúnkún tàbí nísàlẹ̀, àwọ̀ òrùka, àwọ̀ lẹ́tà orí rẹ̀, àti lẹ́tà tàbí nọ́ńbà náà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara. Ya fídíò bó ṣe ń rìn, torí lẹ́tà yí òrùka ká, ìdajì rẹ̀ nìkan ni ẹ óò rí lẹ́ẹ̀kan. 8 àti B, 0 àti D, V àti Y máa ń jọra lókèèrè: tí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ méjèèjì.

Òrùka irin kékeré náà sábà máa ń ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó fi í sẹ́sẹ̀. Àtòjọ àwọn iṣẹ́ òrùka aláwọ̀ wà lórí cr-birding.org, EURING sì ń gba ìròyìn òrùka Yúróòpù. Ní àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ Lesser Black-backed ti Finland ló ń gba ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ. Bí irú òrùka bẹ́ẹ̀ bá yọ ní Ọ̀yán, ẹyẹ náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà yẹn sì ni ẹ̀rí.

Ibo ni mo máa fi í ránṣẹ́ sí?

Ọ̀nà tó yá jù ni eBird, app tí àwọn èèyàn fi ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ tuntun, ẹ fi ibi tí ẹ wà sí i gan-an, ẹ kọ gbogbo ẹyẹ tí ẹ rí níbẹ̀, kì í ṣe gull nìkan. Bí ẹyẹ náà bá ṣọ̀wọ́n, app á béèrè àlàyé. Ẹ má kọ "ó dá mi lójú" síbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí: àwọ̀ ẹnu, ẹsẹ̀, ojú, ṣóńṣó apá, ìrù, ẹyẹ tí ẹ fi wé, àti ìdí tí kì í fi í ṣe Grey-headed tàbí Lesser Black-backed. Ẹ fi fọ́tò tí ẹ kò gé sí i, kódà tí kò bá dáa.

Nigeria Bird Atlas Project ń lo app BirdLasser. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9. Ẹni tó bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé gbọ́dọ̀ wo ẹyẹ fún ó kéré tán wákàtí 2 nínú onígun kan. A.P. Leventis Ornithological Research Institute ní Jos ni ilé ẹ̀kọ́ ẹyẹ tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, Nigerian Conservation Foundation sì wà ní Lekki. Fún ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí ní Nàìjíríà, ìwé ìròyìn bíi Malimbus ti West African Ornithological Society tàbí ti African Bird Club ni ibi tí kíkọ sílẹ̀ gidi ti ń ṣẹlẹ̀.

Tí ẹ bá ń kọ nọ́ńbà ibi, àríwá ló ń ṣáájú: Abẹ́òkúta wà ní ìwọ̀n 7 sí àríwá àti 3 sí ìlà-oòrùn. Tí ẹ bá gbé wọn dà padà, àárín òkun ni ẹyẹ yín máa bọ́ sí, nísàlẹ̀ Niger Delta, ibẹ̀ ni máàpù máa sì fi í hàn títí ẹnì kan á fi rẹ́rìn-ín.

Merlin, app tó ń dá ẹyẹ mọ̀ láti inú fọ́tò, ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Kò tíì tó ni?

Kò tó. Ẹ̀rọ ń wo àpẹẹrẹ fọ́tò, ó sì ń yan èyí tó jọ jù. Ó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti gull tó ń bọ́ ìyẹ́, ó lè fi ìgboyà dárúkọ tí kò tọ́. Ẹ̀rí ni fọ́tò náà àti àlàyé yín, kì í ṣe ohun tí fóònù sọ.

Wọ́n kọ̀ ọ́. Ṣé wọ́n rò pé irọ́ ni mo ń pa?

Rárá. "Kò tíì fìdí múlẹ̀" kò túmọ̀ sí "kò ṣẹlẹ̀." Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè ti inú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ mọ̀ pé kò lè jẹ́ ẹyẹ mìíràn. Lórí eBird, ó ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ ti ara yín, kò kàn ní hàn fún gbogbo ayé. Ẹ dáhùn wọn lọ́nà pẹ̀lẹ́, ẹ béèrè ohun tó kù, ẹ fi fọ́tò yòókù ránṣẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi le bẹ́ẹ̀ wà. Ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lágbègbè Hastings, ọ̀pọ̀ ẹyẹ aṣìnà ni wọ́n sọ pé wọ́n yìnbọn pa láàárín 1892 sí 1930. Ní 1962, àwọn onímọ̀ fi ìṣirò hàn pé iye ẹyẹ ọ̀tọ̀ tó ń ti ibẹ̀ jáde pọ̀ ju ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lọ, wọ́n sì yọ ẹ̀yà àti ẹ̀yà abẹ́ 29 kúrò nínú àtòjọ orílẹ̀-èdè náà. Ara ohun tó dà á rú ni pé ẹ̀rí tí àwọn ẹlòmíràn lè padà yẹ̀ wò kò tó. Wọn ò sì lè fi ọwọ́ kan pé èyí òótọ́, èyí irọ́, nítorí náà kódà èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ bá wọn lọ.

Apẹja ló rí i, kì í ṣe èmi. Ṣé a lè kọ ọ́?

Ẹ lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn, kí ẹ sì padà lọ wá ẹyẹ náà. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún: àwọn tó ń gbé orí omi ní Ọ̀yán ń rí ẹyẹ lójoojúmọ́. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ọ̀nà tí a ń gbà béèrè. Tí ẹ bá sọ pé "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ rí ẹyẹ funfun ẹlẹ́nu pupa?" ìdáhùn á sábà jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni," torí wọn kò fẹ́ já yín kulẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, kí ẹ wá béèrè pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Irú ẹyẹ wo lẹ rí tí ẹ kò rí tẹ́lẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ wọn yà á sórí iyanrìn tàbí kí wọ́n fi wé ẹyẹ tí wọ́n mọ̀. Ẹ má fi fọ́tò hàn wọ́n títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán.

Ṣé mo lè gbé bainókúlà lọ sí dáàmù Ọ̀yán bẹ́ẹ̀?

Ẹ gba àṣẹ kọ́kọ́. Ìjọba ló ni dáàmù, abẹ́ Ogun-Oshun River Basin Development Authority ló wà, àwọn aṣọ́nà sì ní ẹ̀tọ́ láti bi yín ní ohun tí ẹ ń wò. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ fi fọ́tò ẹyẹ hàn wọ́n, ẹ má ya ògiri dáàmù àti ẹnu ọ̀nà omi. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti ṣọ́jà rárá, kódà ṣòkòtò nìkan. Ní odò Ògùn láàárín ìlú, ẹ ṣọ́ fóònù yín, ẹ má dúró lórí afárá tí ọkọ̀ ń gbà.

Mo bá òkú gull. Ṣé kí n gbé e lọ sí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta?

Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e. Nàìjíríà ni àìsàn ẹyẹ H5N1 ti kọ́kọ́ yọ ní Áfíríkà, ní oṣù kejì 2006, Ogun sì jẹ́ ìpínlẹ̀ tí adìyẹ pọ̀ sí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ látẹ̀yìn, láyà, abẹ́ apá tó ṣí (ẹ fi igi ṣí i), ìrù, ẹnu, ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìwọ̀n. Ẹ wo òrùka. Lẹ́yìn náà ẹ pe dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín kó sọ ohun tó kàn. Tí ẹ bá ní oko adìyẹ, ẹ fọ bàtà àti ọwọ́ yín, ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó wọ inú ilé adìyẹ.

Ṣé kí n kéde ibi tó wà fún gbogbo èèyàn?

Ẹ kọ́kọ́ wo ipò ibẹ̀. Bó bá wà lórí adágún gbangba tí èèyàn lè wò ó láìfọwọ́ kàn án, ẹ sọ ọ́ kíákíá: ẹlòmíràn tó lọ wò ó fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tó dára jù, pàápàá bí kò bá bá yín sọ̀rọ̀ kó tó kọ àlàyé tirẹ̀. Bó bá wà níbi tí ọmọdé lè máa fi rọ́bà ta òkò sí i, tàbí lórí ilẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ èrò, ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́, kí ẹ sì sọ fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó mọ ẹyẹ dáadáa kí wọ́n tètè wá. Ẹyẹ aṣìnà lè dúró fún wákàtí kan, ó sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ kò bá tiẹ̀ bá a níbẹ̀ mọ́.